Láàrin Mímì àti Mímí: Ìgbà Wo Ni Ọmọ Tí Oṣù Rẹ̀ Kò Pé Lè Fi Ẹnu Jẹun?

Èmi ni mo na ṣíbí náà sí Màmá wa. Mo fẹ́ kí gbólóhùn yìí ṣáájú gbogbo ohun tí n ó kọ, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ìyá àgbàlagbà kan tí kò kàwé ni mo fẹ́ di ẹ̀bi rù. Èmi kàwé. Ní aago mẹ́ta òru, ọjọ́ kejìlá tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bí ìbejì, Táyé yọ ahọ́n, ó ń fi í lá ètè bí ẹni tí ń wá nǹkan. Oorun ti gbé ìyá rẹ̀ lọ lórí àga. Màmá wa ní ebi ń pa ọmọ náà, pé rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n kì bọ̀ ọ́ nímú kì í ṣe ọ̀nà tí ènìyàn ń gbà jẹun. Omi ọyàn tí ẹ̀gbọ́n mi ti fún sílẹ̀ wà nínú ife. Mo fọ ṣíbí, mo nà án sí i.

Ẹ̀kún ṣíbí kan péré ni. Ọmọ náà kò sunkún, kò sì wúkọ́. Ara rẹ̀ kàn rọ̀ bí aṣọ tí a fi omi rẹ, ètè rẹ̀ ṣú, àyà kékeré tí ń lọ sókè sódò náà sì dúró. Nọ́ọ̀sì sáré dé, ó yí i sí ẹ̀gbẹ́, ó fi ẹ̀rọ fa omi kúrò lọ́fun rẹ̀, ó fi ike roboto kan bo imú àti ẹnu rẹ̀, ó sì ń fi ọwọ́ tẹ báàgì ara rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè wọlé. Ọmọ náà mí. Ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni ó tún fi wà lórí afẹ́fẹ́ ọ́síjìn tí ó ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ṣáájú òru ọjọ́ náà.

Nọ́ọ̀sì àgbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ kò bá wa jà. Ì bá dùn mọ́ mi ká ní ó jà. Nígbà tí ara ọmọ balẹ̀ tán, ó fa àga kan, ó jókòó ti Màmá wa. "Ìyá, ẹ má sunkún mọ́," ó ní. "Ohun tí ẹ rí, ẹ rí i dáadáa. Ọmọ yìí ń wá oúnjẹ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n wíwá oúnjẹ ọ̀tọ̀, mímọ̀ ọ́n gbé mì ọ̀tọ̀." Ó wá kọjú sí mi. "Àńtí, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ̀wé, ẹ mú ìwé àti bíírò wá lọ́la. Ẹ ó máa bá mi kọ ohun tí àwọn ọmọ yìí bá ń ṣe."

Inú ìwé náà ni mo ti ń yọ ohun tí ẹ ń kà yìí.

Ẹ̀kọ́ èdè Yorùbá ni mo kọ́ ní yunifásítì, n kò sì lè gbọ́ ọ̀rọ̀ kí n má fi etí sí ohùn rẹ̀. Èdè wa fi àmì ohùn kan ṣoṣo ya ọ̀rọ̀ ìṣe méjì sọ́tọ̀. Mì, tó ní ohùn ìsàlẹ̀, ni ti oúnjẹ tó ń lọ sí ikùn. Mí, tó ní ohùn òkè, ni ti afẹ́fẹ́ tó ń lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Ọ̀fun kan náà ni àwọn méjèèjì jọ ń gbà kọjá kí wọ́n tó pínyà. Ẹni tó bá ń mì kò lè máa mí ní ìṣẹ́jú kan náà: ẹ gbé itọ́ mì báyìí, ẹ ó rí i pé èémí yín dá dúró díẹ̀ kó tó tún máa lọ. Ọmọ tí oṣù rẹ̀ pé kò nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ ọ. Yóò fa ọyàn, yóò gbé e mì, yóò mí, bí ẹ̀ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, títí yóò fi sinmi díẹ̀ tí yóò tún bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ onílù mẹ́ta ni. Bí ọ̀kan bá sáré ju èkejì lọ, ìlù ti dàrú, ti ọmọ jòjòló kì í sì í ṣe ìdàrú tí a lè fi rẹ́rìn-ín.

Inú oyún ni ẹ̀kọ́ náà ti ń bẹ̀rẹ̀. Oyún tí kò tíì ju oṣù mẹ́rin lọ ti ń gbé omi tó yí i ká mì. Lẹ́yìn ìgbà náà, ẹ̀rọ tí a fi ń wo inú aboyún a máa rí i tó ń fa ìka ọwọ́ ara rẹ̀. Nítorí náà, ọmọ tí a bí ní oṣù méje ti mọ̀ ọ́n fà, ó sì ti mọ̀ ọ́n mì. Ohun tí kò tíì mọ̀ ni bí a ṣe ń fi mímí sáàárín wọn, nítorí kò sí afẹ́fẹ́ tí ó ní láti mí nínú ilé ọmọ. Láàrin ọ̀sẹ̀ 32 sí 34 tí oyún bá ti dúró ni ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í so àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, ó sì lè di ọ̀sẹ̀ 36 tàbí 37 kí ó tó dán mọ́rán. Àwọn ìbejì wa wá sáyé ní ọ̀sẹ̀ 31. Ẹ ṣírò ọjọ́ méjìlá mọ́ ọn, ẹ ó mọ ibi tí Táyé dé nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀ nígbà tí a ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu.

Ìfàkì-Èkìtì ni ilé wa, ìlú oríta tí ọkọ̀ Adó, ti Ìdó àti ti Ọyẹ́ ti ń pàdé. Orí ṣe wá níre pé Ìdó-Èkìtì, tí ilé ìwòsàn ìkọ́ni ti ìjọba àpapọ̀ wà, kò jìnnà sí wa. Ọ̀pọ̀ abúlé lẹ́yìn Ìkọ̀lé kò ní irú oríire bẹ́ẹ̀. N kò ní dárúkọ ilé ìwòsàn tí a lò, nítorí ẹbí wa ni ọ̀rọ̀ ṣíbí kàn. Ìbejì kò sì ṣàjèjì sí wa. Ìwádìí tí dókítà Percy Nylander ṣe ní Ìgbó-Ọrà àti Ìbàdàn láàrin ọdún 1960 sí 1980 ni ó sọ fún gbogbo ayé pé láàrin àwa Yorùbá, ó lé ní 40 nínú 1000 ìbímọ tó jẹ́ ti ìbejì, nígbà tí ti Yúróòpù kò tó ìdajì rẹ̀. Ohun tí a kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ nígbà tí a bá ń kì wọ́n ni pé ìbejì kì í sábà pé oṣù. Ilé ọmọ kì í gbà wọ́n títí. Ilẹ̀ tó bí ìbejì jù ní láti mọ ìtọ́jú ọmọ oṣù méje jù.

Àwọn àgbà kan a máa sọ pé ọmọ oṣù méje a máa yè, pé ti oṣù mẹ́jọ ni kì í yè. Mo bi nọ́ọ̀sì àgbà léèrè, ó rẹ́rìn-ín. Bí oyún bá ṣe pẹ́ tó nínú ni ẹ̀dọ̀fóró àti ọpọlọ ọmọ ṣe ń gbó sí i. Kò sí oṣù tí ó ń padà sẹ́yìn. Àwọn ará Gíríìsì àtijọ́ náà gbà bẹ́ẹ̀ gbọ́, ó tilẹ̀ wà nínú àwọn ìwé tí wọ́n fi orúkọ Hippocrates sí. Àṣìṣe tó ti gbó tó bẹ́ẹ̀ kò lè tán lẹ́nu àwọn ìyá wa lọ́jọ́ kan.

Ọjọ́ kẹjọ kò dúró de ẹnikẹ́ni. Ní Ìfàkì, ẹbí pé jọ sí àgbàlá bàbá àwọn ọmọ láìsí ọmọ, láìsí ìyá. Oyin wà níbẹ̀, iyọ̀, obì, orógbó, ataare àti omi tútù. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: a ó fi ọ̀kọ̀ọ̀kan kan ahọ́n ọmọ, a ó ṣe àdúrà. Ẹ̀gbọ́n bàbá àwọn ọmọ, tó jẹ́ olórí ẹbí, wo àwo oyin náà pẹ́, ó ní, "Ta ni yóò bá wọn tọ́ ọ wò?" Bàbá wọn jáde síwájú, ó tọ́ gbogbo rẹ̀ wò, ti Táyé lẹ́ẹ̀kan, ti Kẹ́hìndé lẹ́ẹ̀kan. Ojú rẹ̀ pọ́n nígbà tó jẹ ataare kejì, àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín, omi sì bọ́ lójú àwọn kan. Mo fi èyí síbẹ̀ kí ẹbí mìíràn tó bá wà nínú irú ipò yìí lè mọ̀ pé àṣà fàyè gba aṣojú. Oyin pàápàá kò yẹ ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, ì báà pé oṣù: irúgbìn kòkòrò àrùn kan lè fara pamọ́ sínú rẹ̀, tí yóò sọ iṣan ọmọ di aláìlágbára dé ibi tí kò ti ní lè mí. Ẹ wo bí ó ṣe rí: a pa oyin mọ́ lọ́jọ́ kẹjọ, a sì gbé ṣíbí lọ́jọ́ kejìlá.

Kí ni rọ́bà náà ń ṣe? Ihò imú tàbí ẹnu ni wọ́n ń gbà kì í bọ inú ikùn, nọ́ọ̀sì a sì yẹ̀ ẹ́ wò kí ó tó lò ó nígbà kọ̀ọ̀kan, kó lè dá a lójú pé ikùn ló wà, pé kò yà sí ẹ̀dọ̀fóró. Yóò so síríńjì tí kò ní ọ̀pá àtìbọ̀ mọ́ ọn, yóò gbé e sókè díẹ̀, yóò jẹ́ kí omi ọyàn máa fúnra rẹ̀ ṣàn wálẹ̀. Wọn kì í tì í. Ní ọjọ́ kìíní, ìwọ̀nba mílílítà díẹ̀ ni, omi ọyàn àkọ́kọ́ tó ki tó sì pọ́n, èyí tí àwọn kan ń dà nù nítorí wọ́n rò pé ó ti bàjẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi a máa fi ọwọ́ fún un ní wákàtí mẹ́ta-mẹ́ta, lọ́sàn-án lóru, títí ìka rẹ̀ fi ń dùn ún.

Ohun kejì ni gbígbé ọmọ sí àyà. Màmá wa kọ́kọ́ rí i bí àrà: "Ọmọ tí à ń pọ̀n sẹ́yìn ni ẹ wá ń pọ̀n síwájú." Ìlú Bogotá ní orílẹ̀-èdè Kòlóńbíà ni ìlànà náà ti bẹ̀rẹ̀ ní 1978, nígbà tí dókítà Edgar Rey Sanabria rí i pé àpótí amọ́mọmóoru kò tó, tí ọmọ méjì mẹ́ta ń dùbúlẹ̀ sínú ẹyọ kan, tí àrùn sì ń ran láti ara ọ̀kan sí èkejì. Ó ní kí àwọn ìyá fi àyà ara wọn ṣe àpótí, ara kan ara, ọmọ ní ìdúró bí àkèré, aṣọ sì yí wọn ká. Ẹ̀rí tó lágbára jù nípa rẹ̀ kò jìnnà sí wa. Ilé ìwòsàn ìkọ́ni ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ wà lára ilé ìwòsàn márùn-ún, pẹ̀lú ti Gánà, Màláwì, Tàǹsáníà àti Íńdíà, tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ṣe ìwádìí lórí ọmọ 3,211 tí wọn kò tó kílò 1.8. Èsì rẹ̀ jáde ní 2021. Nínú àwọn tí wọ́n gbé sí àyà láti ìgbà tí a ti bí wọn, 12 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó kú kí ọjọ́ 28 tó pé. Nínú àwọn tí wọ́n dúró kí ara wọn kọ́kọ́ balẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 16. Ní 2022, àjọ náà sọ ọ́ di ìlànà fún gbogbo ayé, wákàtí mẹ́jọ lóòjọ́ ó kéré tán. Orí àyà yìí náà ni ẹ̀kọ́ oúnjẹ ti ń bẹ̀rẹ̀, nítorí ọmọ tó wà níbẹ̀ ń gbóòórùn ọyàn, ẹnu rẹ̀ kò sì jìnnà sí i.

Mo wá dé orí ọ̀rọ̀ tí mo fi gbé ìwé lọ sí ilé ìwòsàn. Báwo ni a ṣe ń mọ̀ pé ó yá?

Mo rò pé ìwọ̀n ni, pé bí ọmọ bá ti tẹ kílò báyìí, wọn yóò yọ rọ́bà. Mo tún rò pé ọ̀sẹ̀ ni. Nọ́ọ̀sì àgbà ní àwọn méjèèjì ń sọ fún òun ìgbà tí òun yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wò, pé wọn kò lè sọ ohun tí òun yóò rí. Ohun tó kọ́kọ́ ń wò kò kan ẹnu rárá. Ó ń ka èémí. Ọmọ tó ń mí láàrin ìgbà 40 sí 60 ní ìṣẹ́jú kan, tí àyà rẹ̀ kò ń jì wọlé, tí ihò imú rẹ̀ kò ń fẹ̀, ni a lè bá sọ̀rọ̀ oúnjẹ. Ẹni tí ń sáré kò rí àyè jẹun. Ó tún ń bi wá bóyá omi ọyàn tó gba inú rọ́bà lọ dúró nínú ikùn, bóyá ọmọ kò bì, bóyá ikùn kò wú.

Lẹ́yìn èyí ni ó tó ń wo bí ọmọ ṣe jí. Èyí ya mí lẹ́nu. Ọmọ tó bá fẹ́ jẹun a máa jí fúnra rẹ̀ nígbà tí aago oúnjẹ bá ń súnmọ́, ojú rẹ̀ a là, a dúró sí ojú kan, ọwọ́ méjèèjì a wá sí àárín, sí ẹnu. Bí a bá fi ìka kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, yóò yí orí síbẹ̀, yóò la ẹnu, yóò sọ ahọ́n kalẹ̀. Èyí tó sùn fọnfọn, tí ọwọ́ rẹ̀ nà gbalaja sí ẹ̀gbẹ́, rọ́bà ni yóò jẹun. Aago ni ó ń sọ pé oúnjẹ tó. Ara ọmọ ni ó ń sọ ọ̀nà tí oúnjẹ yóò gbà.

Tó bá rí gbogbo èyí, ẹ̀gbọ́n mi yóò fún ọyàn rẹ̀ tán pátá, yóò wá gbé ọmọ síbi ọyàn òfìfo náà nígbà tí omi ọyàn ń gba inú rọ́bà lọ. Ọmọ yóò máa fà láìsí ewu, ikùn rẹ̀ yóò sì máa kún lọ́wọ́ kan náà, kí ó lè mọ̀ pé fífà àti yíyó jọ ń rìn. Fífà òfìfo yìí yára, bí ẹ̀ẹ̀mejì ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Nígbà tí omi bá wà níbẹ̀, yóò falẹ̀ sí ẹ̀ẹ̀kan, nítorí àyè mímì àti mímí. Nọ́ọ̀sì ará Swídìn kan, Kerstin Hedberg Nyqvist, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wo irú àwọn ọmọ báyìí pẹ̀lú àwọn ìyá wọn. Ó kọ bí ọmọ ṣe ń wá ọyàn sílẹ̀, bí èyí tó kó sẹ́nu ṣe pọ̀ tó, bí ó ṣe pẹ́ tó níbẹ̀, bí ó ṣe ń fà á, iye ìgbà tó fà á léraléra kó tó sinmi, àti bóyá a gbọ́ ohùn gbígbémì. Nínú ìwádìí tó gbé jáde ní 1999 lórí ọmọ 71, ó rí i pé àwọn kan ti ń wá ọyàn, wọ́n sì ń kó o sẹ́nu láti ọ̀sẹ̀ 28. Èyí ni pé, a kò gbọdọ̀ tètè ki ṣíbí bọ̀ wọ́n lẹ́nu, a kò sì gbọdọ̀ pẹ́ kí a tó gbé wọn súnmọ́ ọyàn.

Àmì tó ń sọ pé kí a dúró pọ̀ ju àmì tó ń sọ pé kí a máa bọ̀ lọ, ìwọ̀nyí ni mo sì fi bíírò fa ìlà sí nídìí. Àwọ̀ lè tan wá jẹ. Ìwé òyìnbó a máa sọ pé ọmọ yóò di aláwọ̀ búlúù. Lára ọmọ dúdú, ẹ wo ahọ́n, ẹ wo èrìgì, ẹ wo àtẹ́lẹsẹ̀. Ẹ wo omi ọyàn tó ń ṣàn jáde ní igun ẹnu. Kì í ṣe ìwà wọ̀bìà, ohun tó wà lẹ́nu ti ju èyí tó lè gbé mì lọ ni. Ẹ wo iwájú orí tó ká pọ̀, ẹ̀yìn tó ń tẹ̀ padà, òsúkè, ojú tó ṣàdédé pa dé. Ẹ wo ìka márùn-ún tó là sílẹ̀ gbayawu, bí ti ọlọ́pàá tó ń dá mọ́tò dúró ní oríta Ìfàkì. Ohun kan náà ni ó ń sọ. Kí èémí dúró tó ogún ìṣẹ́jú-àáyá, ọ̀rọ̀ pàjáwìrì nìyẹn. Èyí tó dùn mí jù lọ ni ti ikọ́. A gbà pé bí oúnjẹ bá ya ọ̀nà òdì, ẹni náà yóò wúkọ́, ojú rẹ̀ yóò sì pọ́n. Ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé lè máà wúkọ́ rárá. Táyé kò wú u.

Nítorí náà ni rírọ ọmọ ṣe ń bà mí lẹ́rù nísinsìnyí. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà sí ilẹ̀ Yorùbá ti rí i: ìyá jókòó, ọmọ nà lórí itan, orí rẹ̀ lọ sísàlẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ di ife sí ẹnu, a sì da omi tàbí ẹ̀kọ sí i. Àwọn mìíràn a tilẹ̀ fi ìka dí imú rẹ̀, kí ó lè gbé e mì nítorí àtimí. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni, mo sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wa ni wọ́n rọ tí a kò kú. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí ìka tó dí imú yẹn ń sọ: mì, tàbí kí o má mí. Ọmọ oṣù méje kò ní ìdáhùn sí i. Ife kékeré tí nọ́ọ̀sì fi kọ́ wa yàtọ̀ sí i pátápátá. Ọmọ jókòó díẹ̀, orí rẹ̀ lọ́wọ́ ìyá, a gbé etí ife kan ètè ìsàlẹ̀, a dẹ̀ ẹ́ títí omi ọyàn yóò fi kan ètè, a ó sì dúró. A kì í dà á. Ọmọ ni yóò na ahọ́n síta, tí yóò máa lá a bí ọmọ ológbò, tí yóò sì dáwọ́ dúró nígbà tó bá wù ú.

Táyé gbé kílò 1.6 wá sáyé, Kẹ́hìndé gbé 1.35. Gbogbo wa ti gbà lọ́kàn pé Táyé ni yóò kọ́kọ́ jẹun; ẹni tí wọ́n rán wá tọ́ ayé wò, ta ni yóò tún ṣáájú rẹ̀? Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún, Kẹ́hìndé jí kí aago tó lù. Ìwé mi ní: "Ojú là. Ọwọ́ lẹ́nu. Ó fa ọyàn òfìfo ní ìgbà mẹ́fà, ó sinmi, ó tún fà." Nọ́ọ̀sì àgbà wò ó ní ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́jọ́ náà kó tó gbé ife. Nínú mílílítà 26 tó yẹ kó jẹ, ó lá mílílítà mẹ́jọ, ó pa ojú dé. Èyí tó kù gba rọ́bà lọ. Màmá wa fẹ́ kí ó tán an. "Ìyá, ó ti ṣe tirẹ̀," ni nọ́ọ̀sì wí. Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀ẹ̀kan ni ó jẹ́ kó gba ẹnu jẹ, èyí tó kù, rọ́bà. Lọ́jọ́ kẹta ó di ẹ̀ẹ̀mejì. Mo ń bínú sí ìfalẹ̀ náà, títí mo fi rí i pé ọmọ tó bá fi gbogbo agbára rẹ̀ jẹun kì í sanra. Iná tó ń jó kọjá epo tó ń wọlé.

Táyé sùn. Ọjọ́ kejìdínlógún, ogún, ọjọ́ kejìlélógún: "Kò jí." "Jí, ṣùgbọ́n èémí 70." "Ìka là. A dúró." Ẹ̀gbọ́n mi kò sọ ọ̀rọ̀ ṣíbí sí mi rárá, ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ sì wúwo. Mo bi dókítà bóyá ohun tí a ṣe ni ó dá a dúró. Ó ní ẹ̀dọ̀fóró Táyé kò lágbára tó ti Kẹ́hìndé láti ìbẹ̀rẹ̀, pé òun kò lè wọn iye tí òru ọjọ́ náà fi kún un. Ìdáhùn òtítọ́ ni, mo sì dúpẹ́ pé kò purọ́ fún mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé irọ́ gan-an ni mo wá gbà.

Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n ni. Aago mẹ́rin ìdájí, òjò ń rọ̀, iná ti lọ, jẹnẹrétọ̀ ń dún. Màmá wa ni ó pè mí, kò fọwọ́ kan nǹkan kan. "Ẹ wá wo ọmọ yín," ó ní. Táyé wà lórí àyà ìyá rẹ̀, ojú rẹ̀ là sílẹ̀ kedere, ó ń fi ẹnu wá ọyàn kiri. Mo ka èémí rẹ̀ fún odidi ìṣẹ́jú kan: 52. A pe nọ́ọ̀sì. Ó kó ọyàn sẹ́nu, ó fà á, mo sì gbọ́ ohùn kékeré kan bí ìgbà tí ẹ̀kán omi bá bọ́ sínú ìkòkò. Lẹ́yìn rẹ̀ ni èémí. Lẹ́yìn rẹ̀ ni òmíràn. Ìgbà mẹ́ta, ó sinmi. Ìgbà mẹ́rin. Ẹ̀gbọ́n mi nawọ́, ó di ọwọ́ mi mú, kò wò mí.

A padà sí Ìfàkì ní ọjọ́ kejìdínlógójì, nígbà tí àwọn méjèèjì ti ń gba ẹnu jẹ gbogbo oúnjẹ wọn tí ìwọ̀n wọn sì ń lọ sókè lójoojúmọ́. Ohun tí nọ́ọ̀sì àgbà fi rán wa kò pọ̀: omi ọyàn nìkan títí oṣù mẹ́fà, láìsí omi, láìsí àgbo, kí a má jẹ́ kí wákàtí mẹ́ta kọjá láìjẹun, kí a padà sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀ bí ọmọ bá ń làágùn lẹ́nu ọyàn, bí ètè rẹ̀ bá ṣú, bí oúnjẹ kan bá ń gbà ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ, tàbí bí ẹni tó ti ń jí fúnra rẹ̀ kò bá jí mọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ìyá àgbà kan ní àdúgbò wa gbé àgbo wá, ó ti rẹ́rìn-ín dé ẹnu ọ̀nà. Màmá wa kí i dáadáa, ó gba ìgò náà, ó gbé e sí orí kọ́bọ́ọ̀dù, ó sì fi àga lọ̀ ọ́. Táyé wà lẹ́nu ọyàn lọ́wọ́. Omi ọyàn yára sí i, ó jọ̀wọ́ rẹ̀, ìka rẹ̀ là. Àlejò wa ní ọmọ náà kò yó, pé kí ìyá rẹ̀ dá ọyàn padà sí i lẹ́nu kíákíá. Ẹ̀gbọ́n mi gbé ọwọ́. Màmá wa ti tẹ̀ síwájú, ó fi ìka méjì lé àyà ọmọ náà, ó gbé orí sókè díẹ̀ bí ẹni tí ń kà nǹkan.

"Ẹ dúró ná," ó ní. "Ó ń mí lọ́wọ́."